Agolo Ńlá, Agolo Kékeré: Ọjọ́ Ayé Mi Nídìí Ámpílì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, ẹ jókòó dáadáa. Mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ mi dára ju ti àwọn yòókù lọ, irọ́ ni yóò jẹ́. Iṣẹ́ ámpílì kì í sọni di olówó lọ́sàn-án kan òru kan. Ó máa ń dun ẹ̀yìn, ó sì máa ń ba ojú jẹ́. Ẹ wo bí dígí ojú mi ṣe nípọn tó. Ṣùgbọ́n òun ló bọ́ mi títí mo fi darúgbó, òun ló rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé, kí n tó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ rẹ́rìn-ín pé obìnrin ni mí, kó yára rín in tán ká lè máa bọ́rọ̀ lọ.

Ámpílì ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kékeré láti inú ràdíò tàbí kásẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ ọ́ di ohùn ńlá tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Felisité ni orúkọ mi. Pobè ni wọ́n bí mi sí, Nàgó ni bàbá àti ìyá mi. Ìyá mi fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n màṣíìnì àti èmi ò gbọ́ ara wa yé. Ràdíò bàbá mi ló wù mí. Mo máa ń tú u palẹ̀, wọ́n sì máa ń nà mí sí i. Nígbà tí nínà ò tán an, bàbá mi mú mi wá sí Cotonou, ó fà mí lé Ọ̀gá Bàsílì lọ́wọ́. Ọmọ Pobè ni òun náà, àtẹlíyé rẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́, ò sì jìnnà sí Jonquet, níbi tí àwọn ilé ọtí pọ̀ sí. Ohun tí bàbá mi san àti ìgò ọtí tó gbé lọ, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí mọ bó ṣe ń rí.

Háà, Ọ̀gá Bàsílì! Ọkùnrin tín-ín-rín, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́, ẹ ò sì ní rí àbàwọ́n kan lára ẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láìronú niná ń mú."

Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, ẹ má ṣàánú ẹ̀ o."

Ó ní, "Èmi? Àánú?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin òjé, ìyẹn irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé láti lẹ ohun èlò mọ́ ara wọn. Ilẹ̀ ni mò ń gbá. Nígbà tí mo gbá ilẹ̀ yó, Ọ̀gá gbé agolo bisikíìtì kan fún mi. Résísítáǹsì ló kún inú ẹ̀, àwọn nǹkan tíńtìntín tí wọ́n kun ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi sí lára. Ó ní kí n ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ wọn. Mo ṣà á tán, inú mi dùn. Ó wò ó, ó da gbogbo ẹ̀ padà sínú agolo, ó gbọ̀n ọ́n pọ̀, ó ní, "Tún un ṣà. Èmi lò ń wò. Àwọ̀ ni kó o máa wò." Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo bú u nínú ikùn mi títí mo fi ṣà á tán.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ní gbígbọ́ àti gbígbóòórùn. Á ní ká dijú, á tan ámpílì tó ń ṣàìsàn, á ní, "Kí ló ń ṣe é?" Bó bá ń ta pàpàpà nígbà tí wọ́n bá ń yí bọ́tìnnì ẹ̀, ìdọ̀tí ni. Bó bá ń kùn hùùù lábẹ́ orin, kọ̀ndáńsátọ̀ ńlá inú ẹ̀ ló ti gbẹ. Kọ̀ndáńsátọ̀ ni agolo tó ń gba iná sára, tó ń tú u sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ kí orin lè dúró ire. Ọ̀rinrin kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìdí nìyẹn tí ámpílì àtijọ́, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó, ṣe gbọ́dọ̀ gba agolo tuntun lọ́jọ́ kan. Bí agolo náà bá ti jò, ẹ ó gbọ́ òórùn ẹja tó ti bàjẹ́. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú òórùn yẹn ní ẹ̀bá òkun, ámpílì ni mo kọ́kọ́ ń rántí.

Òfin Ọ̀gá pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni kò fi ṣeré rárá. Èkíní, bí iná bá wà lára ẹ̀rọ, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń wọ inú ẹ̀. Ìkejì á wà ní àpò ṣòkòtò, kí iná má bàa gba ọwọ́ kan wọlé, kó gba àyà kọjá, kó gba ìkejì jáde. Àwọn ọkùnrin ní àpò, èmi ní ìró. Mo máa ń ki ọwọ́ òsì bọ ìdí ìró mi níbi tí mo ti lọ́ ọ, wọ́n á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń ṣọ́ owó. Ẹni tó bá gbàgbé, Ọ̀gá á fi èèkù túnàvíìsì tó fi ń tú ìdè ẹ̀rọ kàn án lórí. Orí mi mọ èèkù yẹn dáadáa.

Èkejì, gbogbo ohun tí a bá yọ nínú ẹ̀rọ oníbàárà, a gbọ́dọ̀ dì í sínú ọ̀rá, ká dá a padà fún un. Ọ̀gá á ní, "Òkú yìí kì í ṣe tiwa, ẹ gbé e fún ẹni tó ni ín." Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lọ́jà tó máa ń nu kọ̀ndáńsátọ̀ tó ti kú, wọ́n á tún un tà bíi tuntun. Nítorí náà, kí a tó dì í, a gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà pupa tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná fa ìlà sí i lórí. Ẹni tó bá rí ìlà pupa yẹn yóò mọ̀ pé òkú ni. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ ra ọ̀dà náà. Àǹfààní kan ṣoṣo tí jíjẹ́ obìnrin ṣe fún mi ní àtẹlíyé yẹn nìyẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe líbérásíọ̀n mi, ayẹyẹ ìdásílẹ̀ ọmọ iṣẹ́. Mo wọ aṣọ tuntun, mo kúnlẹ̀, wọ́n da páúdà lé mi lórí. Ìyá mi jó títí gèlè fi bọ́ lórí ẹ̀. Àwọn ọ̀gá mìíràn súre gígùn fún ọmọ tiwọn. Ọ̀gá tèmi gba máíkì, ó ní, "Má ba nǹkan onínǹkan jẹ́," ó sì lọ jókòó. Ìre tí mo gbà nìyẹn o!

Mo ṣí tèmi ní Godomey, létí oríta. Àwọn èèyàn á yọjú, wọ́n á ní, "Màmá, pàtírọ́ọ̀nù, ọ̀gá ibí, ńkọ́?" Mà á ní, "Òun lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀." Àwọn kan á yí padà. Àwọn tó bá dúró á tún padà wá. Àwọn wọ̀nyẹn ló sọ mí ní Màmá Ràdíò.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Láyé Ọ̀gá, bí iná bá lọ, inú ẹyinná là ń ki irin òjé bọ̀ kó lè gbóná. Bí a bá fẹ́ kó òjé àtijọ́ kúrò, ẹnu la fi ń fẹ́ ẹ, á sì ta síni lára. Nígbà tó yá, pọ́ńpù kékeré tó ń fà á dé. Gílóòbù ńlá tó máa ń tàn yòò nínú ámpílì lọ, ohun dúdú pẹlẹbẹ tó lẹ́sẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ọ̀kùn rọ́pò ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àpótí orin olówó pọ́ọ́kú dé, èyí tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ààtàn ló ń lọ. Mo rò pé iṣẹ́ wa ti parí. Àfi bí àwọn ọmọ yunifásítì Calavi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ámpílì bàbá àgbà wọn wá, wọ́n ní ohùn ẹ̀ dùn ju ti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀kan nínú wọn fi fídíò hàn mí lórí tẹlifóònù, níbi tí òyìnbó kan ti ń pààrọ̀ kọ̀ndáńsátọ̀. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló kì bọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀gá ìbá ti là á lórí.

Mo ti sáré jù. Ẹ jẹ́ n padà sí ìgbà tí wọ́n fẹ́ẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ mi lójú.

Ọkọ mi ti kú nígbà náà, àwọn ọmọ ò tíì gbọ́njú, ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni oúnjẹ wa. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gásítọ̀n, tó ní ilé ọtí ní Jonquet. Ọmọ Nàgó ni ìyá ẹ̀, èdè wa sì dán lẹ́nu ẹ̀. Ámpílì bàbá ẹ̀ tó jogún, tó wúwo bí òkúta, tí igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ méjèèjì, òun ló ń fa èrò wá sí ilé ọtí náà. Ẹ̀rọ náà wá ń kùn, ẹ̀gbẹ́ kan sì ń dákẹ́. Mo pààrọ̀ gbogbo kọ̀ndáńsátọ̀ inú ẹ̀, mo fa ìlà pupa sí àwọn àtijọ́, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá fún un. Ó gbé e lọ, orin ń jáde kedere, ó ń kí mi kú iṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Kò pẹ́ sígbà náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo níta. Gásítọ̀n ló dé pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, wọ́n gbé ámpílì náà dání, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Olè! Olè lobìnrin yìí! Ó yọ agolo ńlá nínú ámpílì bàbá mi, ó fi kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ sí i! Ẹ wá wò ó! Ó jó! Kọ́tìnnì mi jó! Díẹ̀ ló kù kí n jó mọ́ ọn!"

Mo ní, "Gásítọ̀n, gbé e sílẹ̀ ká tú u wò."

"Ìwọ? Kó o tún fọwọ́ kàn án? Láéláé!"

Àwọn aládùúgbò ti pé lé wa lórí, mo sì ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Mo ti wí, iṣẹ́ obìnrin kọ́."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa atúnràdíòṣe. Alága ní kí n ti ilẹ̀kùn ná. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló jó ámpílì yẹn, wọ́n á sọ pátákó mi kalẹ̀, mi ò sì ní ṣiṣẹ́ náà mọ́ ní Cotonou. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan ń yọ̀ fún mi pé Ọ̀gá mi á gbè mí. Èmi tí mo mọ Bàsílì, mi ò bá wọn yọ̀. Bí mo bá jẹ̀bi, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ gun àkàbà lọ sọ pátákó náà kalẹ̀.

Ó ti fẹ̀yìn tì sí Pobè nígbà náà, irun ẹ̀ ti funfun bí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú tasí, mo kúnlẹ̀ kí i, ó dá mi lóhùn bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Wọ́n gbé ámpílì sórí tábìlì níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò, bẹ́ẹ̀ iná ò sí lára ẹ̀rọ náà rárá, ó fi ọ̀tún tú u. Mo ń gbàdúrà, mo tún ń ronú ohun tí mo lè tà bí wọ́n bá lé mi: gáàsì ni àbí aṣọ.

Ọ̀gá gbórí sókè. "Gásítọ̀n, o ní kékeré ló fi sí i?"

"Kékeré ni, bàbá! Ó kéré báyìí!"

"Èwo wá ni èyí?"

Ó fa agolo kan jáde tó tó agolo mílíìkì. Ó yọ áńkáṣọ̀, ó nu èéfín kúrò lórí ẹ̀. Ìlà pupa yọ jáde.

Ariwo ta nínú yàrá. Ọ̀gá ò wo ẹnikẹ́ni, ó fa ìkejì yọ, ó nù ún, pupa ni. Ó tò wọ́n síwájú Gásítọ̀n. "Ta ló gbé òkú padà wọ inú ilé?"

Òógùn bo Gásítọ̀n. Ó ní, "Bàbá, wọ́n kéré jù! Mo tú ọ̀rá náà, mo rí i pé ńlá ni wọ́n gbé fún mi, kékeré ni wọ́n fi síbẹ̀. Ta ni kò ní bínú? Mo ní kí ọkùnrin kan ládùúgbò dá ńlá mi padà. Òun náà rí ọ̀dà pupa yẹn, ó ní ọ̀ṣọ́ ni."

Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn. Alága pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ràdíò bàbá rẹ tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ti ìsinsìnyí ń wọ àpò rẹ. Ṣé ìròyìn inú ẹ̀ dín kù ni? Agolo kékeré yìí ń gba iná tó iye tí ńlá yẹn ń gbà nígbà tó wà láàyè. Òkú tó o dá padà ló jó ẹ̀rọ rẹ, ṣùgbọ́n kò tíì kú tán. Ẹni tó mọṣẹ́ ṣì lè jí i."

Inú mi ti fẹ́ẹ́ bẹ́ fún ayọ̀. Ló bá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Nígbà tó o gbé ọ̀rá fún un, kí lo wí?"

"Mo ní, ẹrù yín rèé."

"Ó tán?"

"Ó tán, Ọ̀gá."

"O tún ẹ̀rọ ṣe, o fi ẹni tó ni ín sílẹ̀. Ó yẹ kó o fi ńlá hàn án, kó o fi kékeré hàn án, kó tó kúrò níwájú rẹ." Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó wọ tasí, ó lọ. Kò kí mi kú oríire, kò súre. Mo bínú, ẹ gbọ́! Ta ló kọ́ mi ní òfin ọ̀rá? Ṣé òun fúnra ẹ̀ ń ṣàlàyé fún oníbàárà nígbà tiẹ̀? Mo ti bá a jiyàn lórí ẹ̀ lọ́kàn mi láti ìgbà náà wá, àwọn ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń borí.

Ẹgbẹ́ ní kí n ṣílẹ̀kùn. Mo ṣí i, kò sẹ́ni tó wọlé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ "olè" láti Jonquet dé Godomey kọ́ ló gbọ́ nípa ìlà pupa. Ojú ń ti Gásítọ̀n, kò lè jáde lọ sọ pé òun ló ṣe é. Àwọn tó ti gbé ẹrù wá tẹ́lẹ̀ wá ń kó o lọ láìtíì tún un ṣe, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mò ń jókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mò ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ọ́ pé kó bá mi wá àyè lọ́jà. Ọkàn mi bàjẹ́ débi pé bí mo bá gbọ́ orin níbì kan, mà á yà sí ọ̀nà mìíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tasí Pobè dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Dírẹ́bà ò pa ẹ́ńjìnnì, ńṣe ló ń pariwo kí n lè gbọ́: "Màmá Ràdíò dà? Ọ̀gá Bàsílì ní kí n gbé ẹrù yìí fún yín! Ó ní ó ń kùn! Ó ní kí ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti gbó nínú ẹ̀! Ó ní ẹ̀yin ni o, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án!"

Ẹni tó ń ta gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́. Ẹni tó ń lẹ táyà gbọ́. Àwọn ọlọ́kadà zémì tó wà ní oríta gbọ́, wọ́n yí ojú wò mí.

Mo tú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ámpílì ilé Ọ̀gá ni. Gbogbo àwa tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ la mọ ámpílì yẹn. Kò jẹ́ kí a sún mọ́ ọn. Ìyàwó ẹ̀ gan-an, òde ara ẹ̀ nìkan ló lè nù. Mo ṣí i. Kò sí ohun kan tí wọ́n pààrọ̀ nínú ẹ̀ rí. Ojú Ọ̀gá ti di bàìbàì, ọ̀bẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó kọ́ níṣẹ́ pọ̀ ní Cotonou, àwọn mìíràn wà ní Pobè níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀. Èmi ló gbé e ránṣẹ́ sí. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo bú u, mo tún sunkún. Bàbá yìí, ṣé ẹnu ẹ̀ ò lè sọ ọ́ ni?

Nígbà tí mo sunkún tán, mo gbé tábìlì síta, sábẹ́ òòrùn, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí mi. Mo to àwọn agolo ńlá tí mo yọ sápá kan, mo to àwọn kékeré tuntun sápá kejì. Èèyàn ń dúró, wọ́n ń béèrè. Mò ń fi hàn wọ́n, mò ń dá wọn lóhùn. Obìnrin kan lọ gbé ràdíò ẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ kejì, zémì kan dúró. Gásítọ̀n ló sọ̀kalẹ̀. Kò kí mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó dúró, ó ń wo tábìlì.

"Màmá, ta ló ni ámpílì yìí?"

"Ọ̀gá Bàsílì."

"Bàbá tó wá lọ́jọ́sí?"

"Òun ni."

Mo mú agolo ńlá lọ́wọ́ kan, mo mú kékeré lọ́wọ́ kejì, mo gbé méjèèjì sókè kó lè rí wọn dáadáa. Ó wò wọ́n. Ó wo inú ẹ̀rọ náà.

"Kékeré lẹ̀ ń fi sí ti bàbá yẹn náà?"

"Kékeré ni."

Ó fọwọ́ ra orí, ó tún ọ̀fun ṣe. "Tèmi ńkọ́?"

Mo fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sí i. "Tìẹ ló kàn. Jókòó."

Ó jókòó.